Ewú Ìwé

Àwọn ìwé tí bàbá Kamaldeen fi sílẹ̀ fún un ti hewú. Bí wọ́n ti máa ń sọ ọ́ nìyẹn nínú ilé náà, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Ọ̀fà. Ìwé Lárúbáwá mọ́kànlélógún ni, tí olóògbé fi rélùwéè kó bọ̀ láti Kánò nígbà èwe rẹ̀, wọ́n sì wà nínú àpótí igi lábẹ́ ibùsùn. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dé, nǹkan funfun bí òwú a máa rọra yọ lára awọ tí a fi dì wọ́n, a sì tàn dé ojú ewé. Olóògbé ló pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe nù ún. Ó ní a kì í fá irun àgbà láìgba àṣẹ lẹ́nu àgbà. Ìwé tó bá sì dàgbà, dandan ni kí ó hewú.

Kamaldeen, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò náà, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ṣáájú rẹ̀. Láti kékeré ni asimá ti ń bá a gbé, àwọn méjèèjì sì ti mọwọ́ ara wọn: bí asimá bá gbé ìjà dé, yóò fa ínhélà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ilé a sì tòrò. Ọdún méjì sẹ́yìn ni àdéhùn yìí bàjẹ́. Ínhélà kò tó mọ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń wú jáde ń le kókó, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀ pupa. Ó lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò kò rí ikọ́ ẹ̀gbẹ kankan. Ìpè ìrun wá ń já mọ́ ọn lẹ́nu. Gbólóhùn tí ó máa ń fi èémí kan pè tẹ́lẹ̀, ó di kí ó mí lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dé òpin rẹ̀.

Gbádé aránṣọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé kéwú, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí mọ́ṣáláṣí, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan.

“Àáfà, lánàá mo ṣe àlùwàlá, mo wá bàtà mi títí mo fi rí i, o ò tíì pèrun dé ìdajì.”

Kamaldeen rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Lẹ́mọ́mù kò ṣe yẹ̀yẹ́ ní tirẹ̀. Ó pè é sí kọ̀rọ̀, ó sì fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé bí èémí rẹ̀ kò bá padà kí oṣù ààwẹ̀ tó lé, ẹlòmíràn ni yóò máa pèrun.

Láti ìgbà náà ni àlá kan ṣoṣo ti gba oorun ọ̀sán rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó ń retí ọkọ̀ tí kò dé. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó gùn kan ilẹ̀. Atẹ́gùn kan tí kò mi ewé kankan a máa fẹ́ irùngbọ̀n náà, fọ́nrán kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ ẹnu Kamaldeen. Ó fẹ́ kí bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ewú ti kún un lẹ́nu. Bí ó bá ta jí, tí ó wúkọ́ tẹ́rùn, a fa àpótí jáde, a ṣí ìwé kan, a sì ki imú bọ̀ ọ́, nítorí òórùn rẹ̀ ni òórùn bàbá rẹ̀. Ràfátù ìyàwó rẹ̀ ní sàráà ni olóògbé ń béèrè. Wọ́n ṣe sàráà. Àlá náà kò lọ.

Sherifat, àkọ́bí wọn, ló mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Ìlọrin, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Àdùnní. Dókítà náà bi í bóyá ó ń sin adìẹ, bóyá òrùlé ilé rẹ̀ ń jò, bóyá ohun kankan tó bu wà nílé. Kamaldeen ní rárá, Ràfátù kì í jẹ́ kí oúnjẹ di ọjọ́ kejì. Kò purọ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ya àwòrán àyà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà lọ gba èsì, Àdùnní ṣàlàyé pé olú ni, ìbátan èyí tí à ń jẹ, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí. Gbogbo ènìyàn ló ń fà á símú, ara wọn a sì gbá a dànù. Nínú àwọn kan tí wọ́n ní asimá, ó ń rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó dúró sójú kan, a sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Ara a wá máa bá a jà ju bó ti yẹ lọ, ìjà yẹn gan-an ló sì ń ba ọ̀nà èémí jẹ́. Oògùn oníhóró méjì ni yóò máa lò fún oṣù mélòó kan: ọ̀kan láti pẹ̀tù sí ìjà, èkejì láti pa olú.

Kamaldeen béèrè bí olú náà ti rí.

“Ó lè funfun bí òwú, Bàbá. Ó fẹ́ràn ògiri tó ń rin, koríko gbígbẹ, ìwé àtijọ́.”



“Dókítà, kò sí ohun tó bu nílé mi,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n àwọn ìwé bàbá mi ti hewú.”

Sherifat wo ilẹ̀. Inú ilé yẹn lòun náà dàgbà sí. Òun náà kò rántí.

Dókítà ní kí àpótí kúrò ní yàrá, kí ẹni tí kò ní asimá bo imú, kí ó sá àwọn ìwé náà, kí ó sì nù wọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ wọn kọjá Ìlemọnà, Kamaldeen ṣì ń ro èwo gan-an ni bàbá òun fi sílẹ̀ fún òun, ìwé ni, àbí ohùn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń lo oògùn, tí àpótí sì wà lábẹ́ ibùsùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, bàbá rẹ̀ tún jókòó ní ibùdókọ̀. Kí atẹ́gùn náà tó dìde, Kamaldeen tètè kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n pe onígbàjámọ̀ wá.”

 Olóògbé ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, ó sì tẹ orí ba bí ẹni tó ń retí abẹ.

Bí Kamaldeen ti jí ni ó gbà, Ràfátù àti Sherifat sì bo imú, wọ́n gbé àpótí náà síta. Láti inú ṣọ́ọ̀bù Gbádé, lẹ́yìn gíláàsì, ni Kamaldeen ti ń wò wọ́n. Bí wọ́n ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu ìwé kọ̀ọ̀kan, ewú ń gbéra nínú oòrùn bí èéfín iná tí kò sí níbẹ̀, ó ń lọ sí ìhà Ẹ̀rìn-Ilé. Kamaldeen gbé ọwọ́ lé àyà, kò sì gbé e kúrò títí wọ́n fi parí.

Ó ti lo oògùn fún oṣù mélòó kan, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù ààwẹ̀ lé, nígbà tí ó dìde láti pe ìrun ọ̀sán. Ní ṣọ́ọ̀bù, Gbádé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, ó ń retí ibi tí gbólóhùn gígùn náà máa ń já. Ohùn náà gbọ̀n díẹ̀ níbẹ̀. Kò já.

Lẹ́yìn ìrun, Gbádé bá a lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù fún omi àlùwàlá.

“Àáfà, èwo ni ti ìkánjú yìí? O ò tilẹ̀ jẹ́ kí n rí bàtà mi.”