Ìjà Tó Bá Kenjegul Mu

Bí Kenjegul bá wọ ọkọ̀ èrò ní Kochkor, ìlú wa, awakọ̀ á ní kó lọ jókòó lé ẹlòmíì lẹ́sẹ̀, torí ó rò pé ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ọmọ ogún ọdún ni o! Ọdún kan péré ló kù kó gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì. Á ní, "Bùọ̀dá, mo ti sanwó ìjókòó mi," awakọ̀ á sì rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ má bínú, ìyá kékeré."

Kíkéré kì í ṣe àrùn, ṣùgbọ́n ní ìlú tiwa yìí, ó ní ohun tó ń fà. Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí wọn kì í lọ tọrọ ìyàwó bí ọmọlúàbí. Wọ́n á kó ọ̀rẹ́ méjì sínú mọ́tò, wọ́n á dúró de ọmọ ọlọ́mọ lójú ọ̀nà, wọ́n á sì gbé e lọ sílé ìyá wọn. Bí àwọn obìnrin ilé bá ti so ìborùn funfun mọ́ ọn lórí, ó parí, ó ti di ìyàwó. Ìjọba ní ẹ̀wọ̀n ni, àwọn kan ṣì ń pè é ní àṣà. Àṣà wo? Olè ni wọ́n, mi ò ní fi bò. Bí olè sì ṣe máa ń wá ẹrù tó fúyẹ́ náà ni wọ́n ń wá ọmọ tó fúyẹ́.

Bí wọ́n ṣe gbé Anara, ẹ̀gbọ́n Kenjegul, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn nìyẹn. Anara kò kéré, ó sì jà. Ó bú wọn, ó ya wọ́n láṣọ, ó ti dé ẹnu ọ̀nà tán kí ìyá àgbà ilé náà tó wá na gbalaja síbẹ̀. Ta ló jẹ́ gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí arúgbó tó dùbúlẹ̀? Ègún ni. Ẹni tó bá dán an wò, kò ní rí ayọ̀ láyé, ohun tí wọ́n fi tọ́ gbogbo wa dàgbà nìyẹn. Anara padà, ó jókòó, wọ́n so ìborùn. Títí dòní, bó bá wá kí wọn nílé, ìyá rẹ̀ á máa bi í lọ́rọ̀, òun á máa wo ilẹ̀.

Kenjegul ní, "Èmi kọ́. Láéláé." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìjà tí òun máa kọ́.

Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ló kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin tó ń kọ́ wọn wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ta lo wá mú?"

"Èmi fúnra mi ni mo wá."

"Háà." Ó fún un ní ìbọ̀wọ́, ó sì fa ọmọbìnrin kan lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ Kenjegul ò dé àyà ọmọ yẹn, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọmọ yẹn ń dé imú rẹ̀ nígbàkígbà tó bá wù ú. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dá, ọkùnrin náà ní, "Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ẹ̀ṣẹ́ ń fẹ́ apá gígùn àti ara tó wúwo. Bó bá ṣe pé o kàn fẹ́ fi ṣeré ìdárayá ni, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀." Olóòótọ́ ènìyàn ni, Ọlọ́run á san án fún un.

Ó tún lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìjà àwọn ará Korea, èyí tí wọ́n fi ń tàpá. Ìyẹn dùn mọ́ ọn o! Ó wọ aṣọ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fò dé etí ẹni tó ga jù ú lọ, oṣù méjì gbáko ló fi ń yan bí àkùkọ. Ọjọ́ kan nínú oṣù kejìlá, ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé kó di òun lẹ́wù mú látẹ̀yìn ní títì, kí òun dán ẹsẹ̀ wò. Bàtà òtútù tó wọ̀ wúwo, ẹ̀wù rẹ̀ gùn dé orúnkún, yìnyín sì bo ilẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, èkejì yọ̀, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbì! Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì di ẹ̀wù mú síbẹ̀. Ó ní, "Kenje, o ti kú. Ṣé kí n gbé ẹ lọ bá ọkọ ẹ ni?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí Kenjegul délé, ó wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó sunkún.

Obìnrin kan ní ìlú wa, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Sairagul, ló wá là á lójú. Obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju Kenjegul lọ. Ìjàkadì alámùrè ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin, èyí tí àwọn baba wa ń jà: kí olúkúlùkù di àmùrè ẹnìkejì mú, kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀, kí wọ́n wá wo ẹni tó máa gbé ẹnìkejì.

Ó bi Kenjegul pé, "Àwọn tí ò ń bẹ̀rù yìí, ṣé wọ́n á dúró lókèèrè kàn ẹ́ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Kí ni wọ́n á ṣe?"

"Wọ́n á dì mí mú. Wọ́n á gbé mi."

"Ó dáa. Ìjà tó ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti dì ẹ́ mú ni kó o kọ́, kì í ṣe èyí tó ń parí síbẹ̀. Ẹni gíga gbọ́dọ̀ tẹ̀ba kó tó rí àmùrè ẹ dì mú. Ìwọ ti wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ ná, ò ń retí ẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Oṣù mẹ́sàn-án ló lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbé àpò pòtétò títí ìtìjú fi kúrò lójú rẹ̀, ó gbé àgùntàn, ó wá ń gbé àwọn ọmọbìnrin tó fi ìlọ́po kan ààbọ̀ wúwo jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n Sairagul á máa pariwo lé e lórí pé, "Ẹsẹ̀ la fi ń gbé ènìyàn, kì í ṣe ẹ̀yìn! Kúnlẹ̀, sún mọ́ ọn, dìde!" Bí wọ́n bá sì fẹ́ túká, á tún sọ pé, "Bí ọ̀nà bá ti là, ẹ sá o. Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, òun ni í bógun lọ."

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n wá. Kenjegul ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn tó ti ń kọ́ṣẹ́, mọ́tò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin mẹ́ta bọ́ sílẹ̀. Ó mọ ọ̀kan nínú wọn: Erkinbek, tó ti bi í ní nọ́ńbà fóònù rí, tí Kenjegul sì dá a lóhùn pé òun ò fẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó dì í mú, ó rí ọ̀run ọ̀sán gangan, inú kòtò omi ló bá ara rẹ̀. Èkejì ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó dìrọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́ta ni, ẹ̀yin ènìyàn, apá ọmọ kan kò lè ká wọn! Erkinbek fi ẹ̀wù bò ó lórí látẹ̀yìn, wọ́n sì tì í wọlé. Nínú mọ́tò, Kenjegul ń sunkún ìbínú. Oṣù mẹ́sàn-án! Ó ní òun ti ṣi ìjà yàn, pé kò sí ìjà kankan fún ẹni tó bá kéré bí òun.

Wọ́n dé ilé àwọn Erkinbek. Àwọn ọkùnrin kì í wọlé nígbà tí wọ́n bá ń wé ìyàwó lórí, iṣẹ́ obìnrin ni, nítorí náà wọ́n fà á lé àwọn obìnrin lọ́wọ́, wọ́n sì dúró sí àgbàlá, wọ́n ń mu sìgá.

"Káàbọ̀ o, ìyàwó wa! Wò ó bó ṣe rẹwà! Má sunkún mọ́, gbogbo wa la sunkún wọlé ọkọ."

Ìyá Erkinbek mú ìborùn funfun wá. Bó ṣe nawọ́ sí i lórí ni Kenjegul tẹ̀ba, tó gba abẹ́ apá rẹ̀ yọ. Wọ́n tún dì í mú, ó tún yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìborùn ja sílẹ̀. Ìyá Erkinbek ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Kí ni wọ́n fi bọ́ eléyìí, òróró ni?" Kenjegul ò dúró gbọ́ ìyókù, ó forí lé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Àgbà Sabira, ìyá bàbá Erkinbek, ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ìyá náà sanra, ẹni ọgọ́rin ọdún ni, kò sì kánjú rárá. Ó tiẹ̀ mú ìrọ̀rí dání, ó gbé orí lé e, ó pa ojú dé.

Ìyá Erkinbek ká apá mọ́yà. "Ó yá, máa lọ. Ṣebí alágbára ni ẹ́. Kọjá lórí ìyá wa, ká rí ẹ."

Ẹ̀rù ń ba Kenjegul, mi ò ní pa á mọ́, òun náà gba ègún yẹn gbọ́ bí gbogbo wa ṣe gbà á gbọ́. Ó rí àgbàlá, ó rí géètì tó ṣí sílẹ̀, ó sì rí i pé irú ẹnu ọ̀nà tí Anara ti padà gan-an ni òun dúró sí yìí. Ó wo ìyá náà nílẹ̀. Ìyá fi ìborùn onírun àgùntàn di ìbàdí nítorí ẹ̀yìn tó ń ro ó, ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ta á ní kókó gírígírí. Bí ìgbà tí èèyàn di àmùrè ni.

Kenjegul kúnlẹ̀. "Ìyá àgbà, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ọrùn mi mú dáadáa."

"Kí ni?" Ìyá la ojú.

Kenjegul ti sún mọ́ ọn, ọwọ́ kan wà ní ìbàdí rẹ̀, èkejì wà lábẹ́ orúnkún, ló bá fi ẹsẹ̀ dìde. Ìyá ké, "Yéè! Hẹ̀ẹ́! Ìwọ ọmọ yìí! Má jù mí o!" Ó sì dì mọ́ ọn lọ́rùn pinpin. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni ó gbé e dé orí tìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí aláìsàn, ó padà mú ìrọ̀rí, ó fi sí i lábẹ́ orí. Lẹ́yìn náà ló wá bá ẹnu ọ̀nà jáde. Kò gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ẹnikẹ́ni. Kí ègún yẹn wá a títí, kò ní rí i mú.

Ìyá Erkinbek pariwo, "Ẹ dá a dúró! Màmá, ẹ tún sáré lọ dùbúlẹ̀!"

Ìyá Àgbà Sabira ní, "Kí n lọ dùbúlẹ̀ kí ló ṣẹlẹ̀? Á tún gbé mi ni!" Ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ó fi ń wúkọ́, títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó wá ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀lé ọmọ náà jáde.

Erkinbek ti dúró dí géètì. Ìyá na ọ̀pá sí i. "Fọwọ́ kan án, kó o rí mi."

"Màmá àgbà, gbogbo àdúgbò ló máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o."

"Kí wọ́n fi ẹ́ ṣe é. Òun ti sọ fún ẹ pé òun ò fẹ́ àbí kò sọ? Gbé fóònù ẹ fún un, kó pe àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí wọ́n bá gba àgọ́ ọlọ́pàá kọjá, ẹjọ́ tìrẹ nìyẹn, èmi ò ní bá ẹ rò ó."

Erkinbek na fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Kenjegul ṣi nọ́ńbà tẹ̀ kó tó bọ́ sí i.

"Màmá, èmi ni. Ẹ ní kí bàbá wá mú mi. Màmá, kò sí ìborùn lórí mi o."

Ìyá rẹ̀ ní, "Kò sí?"

"Kò sí nǹkan kan lórí mi."

Ẹkún ni ìyá rẹ̀ fi dá a lóhùn, Kenjegul náà bá bú sẹ́kún, àmọ́ ẹkún yìí ń tu ara. Ó mí kanlẹ̀. Ó jọ pé láti ọ̀sán, ìgbà tí èémí dé inú rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Kenjegul àti Ìyá Àgbà Sabira jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn géètì, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà. Oòrùn ń ràn, òjò dídì tuntun sì ti bo orí òkè. Ìyá wo Kenjegul, ó wo apá rẹ̀ tó tín-ín-rín, ó mi orí.

Ó ní, "Ọdún méjìlélọ́gọ́ta rèé tí wọ́n gbé mi wọ ilé yìí. Mo ga, mo lágbára. Ṣé o mọ ẹni tó dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà? Arúgbó kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kò wúwo ju ọmọ àgùntàn lọ. Ǹ bá fi ọwọ́ kan gbé e." Ó gbá orúnkún Kenjegul mú. "Mo dúró wò ó, mo padà lọ jókòó. Ọmọ mi, kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ó ṣe é gbé."