Omi Abẹ́ Ògiri Chan Chan

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Eleuterio fi ṣọ́ ògiri tí wọ́n gbẹ́ àwòrán ẹja sí lára ní Chan Chan, ìlú àtijọ́ alámọ̀ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ mọ sẹ́bàá òkun. Bí ìrù ẹja kan bá re lára ògiri náà, inú rẹ̀ á bàjẹ́ bíi pé eyín ẹnu òun ló ká. Òjò ni gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ ìlú náà ń bẹ̀rù, torí amọ̀ ni.

Lọ́dún tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Fermín, apẹja ní abúlé Huanchaco tó wà nítòsí, wá bá a. Òkun ti gbé kòtò tí wọ́n ń gbin totora, koríko tí wọ́n fi ń hun ọkọ̀, sí lọ. Ọkọ̀ koríko ni ère Pétérù Mímọ́ sì ń gùn lójú omi lọ́jọ́ ọdún rẹ̀, wọn kì í fi ọkọ̀ pákó gbé e. Fermín fẹ́ gbẹ́ kòtò tuntun sí ìdí ògiri, níbi tí omi ilẹ̀ ò ti jìn. Eleuterio ní òfin ò gbà á. Fermín bá fèsì:

“Òfin ta ni? Ṣé bàbá ọ̀gá rẹ ló mọ ògiri yìí ni, àbí àwọn baba wa? Tí Pétérù Mímọ́ bá jókòó sílé lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ lo máa lọ ṣàlàyé fún àwọn ìyàwó apẹja.”

Ojú ti Eleuterio, ló bá gbà.

Koríko náà hù dáadáa. Nígbà tí rédíò kéde òjò ńlá, Eleuterio da tapólì bo orí ògiri, ó sì ń wojú ọ̀run fún ọjọ́ mẹ́ta. Òjò wínníwínní ló rọ̀, kò tiẹ̀ tó pa eruku. Lọ́jọ́ kẹrin, lọ́sàn-án gangan, ògiri náà wó láti ìdí. Omi kòtò ti ń gùn ún láti ìsàlẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá, iyọ̀ inú omi náà sì ti jẹ ìdí rẹ̀ tán. Gbígbẹ ni tapólì wà lórí òkìtì ẹja amọ̀.

Fermín ti gé koríko rẹ̀, ó ti fi yanrìn dí kòtò, kí ọ̀gá Eleuterio, obìnrin kan, tó ti ìlú Trujillo dé wá wo ògiri. Obìnrin náà káàánú Eleuterio.

“Òjò ò ṣeé bá jà, bàbá. Ẹ ti ṣe tiyín. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn mi.”

Eleuterio wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Fermín ń wo òkun. Ẹni tí kò lè sọ pé rárá fún ará ilé, níbo ló ti fẹ́ rí ẹnu sọ òótọ́ fún ará ìta?

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá,” ó ní. “Òjò náà le.”