Ìyá Ọkọ Màríà

Ẹsẹ̀ ni Abíọ́nà ti di Ọmọ Jésù mú. Ó fà á yọ nínú koríko bí ẹni ń fa adìẹ jáde lábẹ́ ibùsùn.

"Ta ló gbé ọmọ yìí síbí?"

Àwọn obìnrin tó ń gbá ilé ìjọ Àgùdà ní Ìwéré-Ilé dúró. Ọyẹ́ ti dé. Bí wọ́n ṣe ń nu bẹ́ǹṣì ni eruku ń padà sórí rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, Àdífẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń retí Kérésìmesì ti ń parí lọ.

"Èmi ni, Ìyá," ni Ọmọ́bọ́lá dáhùn. Tíṣà ni, òun sì ni ìyàwó Adékúnlé, ọmọ Abíọ́nà. "Mo kàn fẹ́ wo bó ṣe máa rí ni."

"Ṣé wọ́n ti bí i ni?"

"Ìyá Adékúnlé, rọra o!" ni Àtinúkẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ké. "Ère ni. Tí o bá fọ́ ọ, ìwọ la máa tẹ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì."

"Ìdí yìí? Ibo ló máa gbà á?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Ọmọ́bọ́lá.

Mákindé, katikíìsì ìjọ, wọlé ó sì dá ẹjọ́ náà. Ìyá ló jàre, ó ní. Ibùjẹ ẹran gbọ́dọ̀ ṣófo títí di alẹ́ Kérésìmesì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí ìrètí jẹ́. Abíọ́nà kò fetí sí i. Nígbà tí Fadá ṣì ń fi Látìnì ṣe Máàsì, èèyàn kò lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ di Yorùbá, ó ti hàn.

Ó borí, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn. Ó jókòó, ó ń wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ti òun ti ikùn ńlá, tó ń tún koríko náà tẹ́.

Nínú ilé Abíọ́nà, ẹnikẹ́ni kì í mẹ́nu ba ikùn yẹn. Nígbà oyún àkọ́kọ́, ó ti ra ọpọ́n ìwẹ̀, ó sì ti sọ fún gbogbo ọjà. Wọ́n sin ọmọ náà. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìwọ̀nba èèyàn ló sọ fún. Wọ́n sin ín. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ní ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, ó pa ẹnu mọ́ pátápátá. Nígbà tí Ọmọ́bọ́lá fọ aṣọ ọmọ wẹ́wẹ́ sá sórí okùn, Abíọ́nà ká a kí aládùúgbò tó rí i. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọmọbìnrin náà sọ pé tí òun bá ti gba Máàsì ọjọ́ Àìkú tán, òun yóò wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Kìsí. Ibẹ̀ lòun yóò bímọ sí.

Abíọ́nà ní, "Ó dáa." Kò dáa. Ọ̀la sì ni ọjọ́ Àìkú náà.

Ọmọ́bọ́lá fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ koríko náà, ó yọ nǹkan kan dànù, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Ẹ̀gún ni, Ìyá."

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

"Ó ń bọ̀."

Abíọ́nà yíjú sí katikíìsì. "Màríà ńkọ́? Ṣé ó ra aṣọ sílẹ̀ de ọmọ?"

Mákindé gbọn agbádá rẹ̀, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Sọ ọ́ ní kúkúrú."

Ó pa ẹnu dé, ó rò ó. "Ìwé Mímọ́ ní ó fi ọ̀já wé e. Ìrìn àjò ni wọ́n wà. N kò rò pé ó rí ibi tó ti ra ọ̀já lóru ọjọ́ náà."

"Ó gbé e dání láti ilé nìyẹn."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rù ò bà á?"

"Ìyẹn ò sí nínú ìwé, Ìyá."

Ọ̀rọ̀ náà bá Abíọ́nà dé ojú ọ̀nà. Ó ń rìn láàárín pápá gbígbẹ, ó ń rò ó. Ọmọdébìnrin kan di ẹrù, aṣọ ọmọ tí kò tí ì dé sì wà nínú ẹrù náà. Ta ló rí i nígbà tó ń dì í? Ìyá ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Wọn kò kọ nǹkan kan nípa ìyá Jósẹ́fù. Bóyá òun náà pa ẹnu mọ́.

Ó dúró. Ìlú àwọn baba Jósẹ́fù mà ni Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ọdọọdún ni wọ́n ń kà á sí i létí. Ìlú ọkọ ni ọmọdébìnrin náà dé, tòun toyún, àwọn ará ilé ọkọ kò sì bá a wá àyè.

Nígbà tó wọlé, Ọmọ́bọ́lá ti ṣáájú rẹ̀ dé, ó ń di ẹrù.

"Bọ́lá."

"Ìyá."

"Níbo lo fẹ́ kó máa sùn sí?"

Ọwọ́ ọmọbìnrin náà dúró. "Ta ni?"

"O mọ ẹni tí mò ń wí."

"N ò mọ̀ ọ́n, Ìyá. Ẹ sọ ọ́."

Abíọ́nà kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. "Ọmọ rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà jáde sínú yàrá. Nǹkan kan kò já lulẹ̀ láti òkè àjà. Ọmọ́bọ́lá rọra jókòó sórí ẹrù rẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé," ló wí.

"Nínú ọyẹ́ yìí? O fẹ́ kó máa wúkọ́?"

"Afẹ́fẹ́ dára fún ọmọ, Ìyá. Wọ́n sọ ọ́ fún wa nílé ìwòsàn."

"Ṣé ilé ìwòsàn ni yóò máa dìde sí i lóru? Ibi àpò èlùbọ́ yẹn ló móoru."

"Kí àwọn eku máa bá a ṣeré?"

"Màá kó àpò náà kúrò!"

Abíọ́nà gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe lọ sókè, tó ń bá èèyàn jà lórí ibùsùn ọmọ tí wọn kò tí ì bí. Ó wá ẹ̀rù náà wò nínú ara rẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀, kò tilẹ̀ dín kù. Gbogbo ìgbà yìí, ó ti rò pé òun ní láti dúró kí ẹ̀rù kọ́kọ́ lọ ná, kí òun tó wá àyè fún ọmọ.