Àlùbọ́sà Tíṣà Láníyọnu

Tíṣà Láníyọnu, tó ń kọ́ báyọ́lọ́jì nílé ẹ̀kọ́ wa ní Ṣàngó, Ìlọrin, lọ́dún 1991, kò gbà pé ó yẹ kí ẹni tó gba digirí máa fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán. Àdìsá tó ń kọ síáìnbọ́ọ̀dù ní Challenge ló gbé iṣẹ́ fún láti ya sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò àlùbọ́sà tó ń pín sí méjì sára pátákó tí wọ́n gbé kọ́ ògiri kíláàsì. Nínú àwòrán náà, igi tín-ín-rín méjì dábùú ara wọn ní ìkángun kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tíṣà àti digirí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, wọ́n tóbi ju àlùbọ́sà lọ.

Sẹ́ńtíríólì ni wọ́n ń pe igi wọ̀nyẹn. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹran ni wọ́n ń gbé. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá fẹ́ pín, méjì á lọ jókòó sí ìkángun kan, méjì sí èkejì, bí alága àti igbákejì rẹ̀, okùn tó ń fa krómósómù á sì máa ta látọ̀dọ̀ wọn. Sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà, tó jẹ́ onígun mẹ́rin, tí kò rí roboto bíi ti ẹran, ò ní wọn. Ó ń pín láìsí alága.

Nígbà ìdánwò, Rasheedah, ọmọ Alfa Abdulganiyu, ya àlùbọ́sà láìfi igi kankan sí i. Tíṣà fún un ní òdo nínú mẹ́wàá. Máàkì rẹ̀ wá jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta, ẹni tí kò bá sì gba àádọ́ta, kíláàsì áàtì ló ń lọ. Nọ́ọ̀sì lọmọ yìí fẹ́ ṣe.

Ó gbé ìwé báyọ́lọ́jì wá bá a ní yàrá àwa tíṣà. Láníyọnu ò wojú ìwé. Ó ní àlùbọ́sà òyìnbó nìyẹn. A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín, ó sì ń bí mi nínú títí dòní.

Lọ́jọ́ kejì bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e wá. Ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó sọ̀rọ̀.

“Tíṣà, èmi ni lèmọ́mù àdúgbò wa. Bí mo bá ṣì kà nínú ìrun, ẹni tó wà lẹ́yìn mi, ìbáà ṣe ọmọdé, á ka èyí tó tọ́ sókè. Mo máa gbà á ni, ìrun á sì máa lọ. Ta ló wà lẹ́yìn tiyín?”

Láníyọnu wúkọ́. Ó ní Àdìsá ló ṣe àṣìṣe.

“Ṣé Àdìsá náà ló máàkì ìwé mi, sà?” Rasheedah bèèrè.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Tíṣà fa bírò pupa yọ, ó kọ mẹ́wàá. Kò tọrọ àforíjì.

Nígbà tí Rasheedah wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì, pátákó náà ṣì wà lára ògiri. Wọ́n ti fi ọ̀dà pa “àlùbọ́sà” rẹ́, wọ́n kọ “ẹja” sí i. Ẹja onígun mẹ́rin. Orúkọ tíṣà nìkan ni wọ́n tún kùn kó lè máa dán.