Ó Ń Bọ̀, Ó Ń Bọ̀

Ẹ̀sọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò, Kíákíá ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kò sì sẹ́ni tó parọ́ mọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Bí Ẹ̀sọ̀ bá ń wọ bàtà, ẹni tó ń dúró dè é á ti wá ibì kan jókòó sí. Bí Kíákíá bá ń rojọ́, á ti dájọ́ kó tó sọ ẹ̀sùn tán.

Ẹ̀rọ tí bàbá wọn fi ń ṣe ọ̀rá ìdìbúrẹ́dì ló fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Láti ìgbà tí bàbá ti pa ipò dà, ẹ̀rọ náà ń mu iná, ó ń jẹ hóró ọ̀rá, kò sì bí nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, Kíákíá ti ránṣẹ́ sí onírin àlòkù. Ọkọ̀ ọkùnrin náà ti wà lẹ́nu géètì.

"Bí ọ̀rá kò bá gòkè lónìí, kí ẹ̀rọ yìí máa bá onírin lọ," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Ọ̀rọ̀ náà dun Ẹ̀sọ̀ wọra. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ló dàgbà sí, kò kọ́ iṣẹ́ míì.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Hóró ọ̀rá á yọ́ nínú ikùn ẹ̀rọ, á máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí oyin tó ki. Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ á gbá a lórí mú, á so ó mọ́ okùn tó ti gba àárín ọ̀pá méjì lábẹ́ àjà kọjá, á wá máa fa okùn náà nísàlẹ̀. Bí ọ̀rá bá ti kó sáàárín ọ̀pá tó ń yí, ẹ̀rọ á máa fà á fúnra rẹ̀, atẹ́gùn á wọ inú rẹ̀, á wú bí ikùn aboyún. Àtẹnu ẹ̀rọ dé ìdí ọ̀pá yẹn ni ogun wà.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ fà. Ó fà á bí ẹni ń fa ọmọ kúrò lójú títì. Pàù! Ọ̀rá já bí rọ́bà, ojú ibi tó ti já mọ́ bí ẹni pé ọ̀bẹ ló gé e.

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ó dáa, gbà, fi ẹ̀sọ̀ tìrẹ mú un ká rí i."

Ẹ̀sọ̀ fà díẹ̀, ó dúró, ó wò ó. Ó tún fà díẹ̀, ó tún dúró. Níbi tó dúró sí, ọ̀rá náà ń gùn fúnra rẹ̀. Ó yọ ọrùn, ọrùn náà tín-ín-rín, ó tún tín-ín-rín sí i, ó sì já jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí itọ́ ọmọ tó ń sùn.

Kíákíá pàtẹ́wọ́. "Lóòótọ́ ni, kò bàjẹ́. Ó kàn kú ni."

Ẹ̀sọ̀ fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa á. Ó jókòó sórí àpò hóró, ó ń wo ìjákù méjèèjì nílẹ̀, ọ̀kan kúkúrú, ọ̀kan gùn bí okùn aláǹtakùn.

"Bàbá wa kì í yára," ló wí. "Ṣùgbọ́n wọn kì í dúró."

"Ẹnu wọn ni kì í dúró! 'Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀,' bí ẹni ń pàdé àlejò. Ojú máa ń tì mí bí oníbàárà bá wà níbẹ̀."

Ẹ̀sọ̀ dìde, ó so orí ọ̀rá tuntun mọ́ okùn. "Ẹ tún un wí."

"Kí ni?"

"Bí bàbá ṣe máa ń wí i gan-an."

"Ó ń bọ̀." Kíákíá wí i, Ẹ̀sọ̀ pa ọwọ́ dà lórí okùn. "Ó ń bọ̀." Ó tún pa á dà. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò dúró sí, ọ̀rọ̀ náà kò dúró dè é. Ẹnu Kíákíá fẹ́ sáré, ó rí ọwọ́ àbúrò rẹ̀, ó dẹsẹ̀. Ọ̀rá ń gùn lọ sókè. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, ibi tó bá ti fẹ́ tín-ín-rín jù á le, á sì ti ìfà náà sí ara ibòmíì. Wọn kò mọ ìgbà tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Ó ń bọ̀! Ó ń bọ̀!"

Onírin ká apá aṣọ rẹ̀ wọlé. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e. Mo gbọ́ pé ó ń bọ̀, mo ti ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀."

Orí ọ̀rá kó sáàárín ọ̀pá. Ó wú, ó ń dán.

"Ọ̀rá ló ń bọ̀, bọ̀ọ̀dá," ni Kíákíá wí. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń lọ." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀ tó ṣì di okùn mú gírígírí. "Ìwọ náà, fi í sílẹ̀ wàyí, ẹ̀rọ ti gbà á."

"Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi," ni Ẹ̀sọ̀ dáhùn. "Mò ń bọ̀."