Orúkọ Kan Lórí Ìwé Ilé

Ẹ̀ẹ̀mẹta gígùn, ẹ̀ẹ̀mejì kúkúrú: bí fèrè ọkọ̀ bàbá wọn ṣe máa ń dún nìyẹn bó bá ń wọ èbúté Duluth. Signe, ọmọ ọdún mẹ́fà, á fi ṣíbí lu ìkòkò lójú fèrèsé láti dáhùn. Arvid ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní kó má fọ́ òun létí.

Àwọn méjèèjì ti darúgbó báyìí, ilé kan náà ni wọ́n ṣì ń gbé. Ìyàwó Arvid ti kú, Signe kò lọ́kọ rí. Òrùlé ti ń jò láti ìgbà yìnyín èṣí, ó sì ti rẹ Arvid. Ó fẹ́ gba owó tí báńkì ń yá àgbàlagbà lórí ilé rẹ̀, èyí tí kò ní dá padà títí yóò fi kú tàbí kó kó kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ní kó kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn, ló bá di Ìyáàfin Pruitt, olùdámọ̀ràn, lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Ta ló tún ń bá yín gbé, sà?"

"Kò sẹ́ni kankan."

Signe yọjú láti kíṣìnì. "Kọfí rẹ ń tutù. Àbí báńkì ló máa bá ọ mu ún?"

Ìyáàfin Pruitt gbọ́ ohùn náà. "Ṣé 'kò sẹ́ni kankan' ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Àbúrò mi ni."

"Orúkọ wọn wà lórí ìwé ilé?"

Arvid dúró títí Signe fi wọ kóòtù, tó ń lọ se oúnjẹ ìsìnkú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀kùn pa dé.

"Kò sí. Èmi nìkan ni bàbá wa kọ ọ́ fún. Signe rò pé tàwa méjèèjì ni."

Lọ́jọ́ tí lọ́yà ka ìwé ogún bàbá wọn, ìdí ààrò ni Signe wà, ó ń se oúnjẹ àwọn tó wá sin bàbá tí òun fúnra rẹ̀ tọ́jú títí dójú ikú. Arvid ní òun á sọ fún un lọ́la. Ọ̀la náà ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

"Bẹ́ ẹ bá dá nìkan fọwọ́ sí i," Ìyáàfin Pruitt ní, "lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kú, tàbí tẹ́ ẹ bá lò ju ọdún kan lọ nílé ìtọ́jú, báńkì á ní kí àbúrò yín san gbèsè tàbí kí wọ́n ta ilé. Lójú ìwé, ayálégbé ni wọ́n."

"Inú ilé yìí la bí i sí."

"Ìwé kò mọ̀yẹn, sà. Ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́rin."

"Wọ́n ti ju ọdún méjìlélọ́gọ́ta tí òfin ń béèrè lọ. Ẹ fi orúkọ wọn sórí ìwé ilé, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ṣẹ́kù á lè máa gbébẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn."

"Ẹ ṣì máa fún mi níwèé pé mo gbàmọ̀ràn?"

"Màá fún yín. Ìwé yẹn kì í sọ bóyá ẹ gbọ́."

Kọfí ti tutù. Arvid fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ránṣẹ́:

"Signe, èmi nìkan ni bàbá kọ ilé fún. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mi ò ní fọwọ́ síwèé báńkì títí orúkọ rẹ á fi wà lórí ìwé ilé. Bínú bó o ṣe fẹ́. Mílíìkì ti tán."