Ẹnu Àìfọ̀ Lójú Títì Òkè-Àrẹmọ

Ẹsẹ̀ kan wà lórí pákó gọ́tà, èkejì ń wá títì. Ó ń tọ́ ojú ọ̀dà wò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò.

Ìyá Ọmọ́wùnmí ni. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ojú rẹ̀ ti fọ́, etí ló kù tó fi ń ríran. Láràárọ̀ ló ń dá sọdá títì Òkè-Àrẹmọ lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ lódìkejì, níbi tó ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa òun lọ́wọ́.

Ọkọ̀ akérò ń kùn bọ̀, ọ̀kadà ń han bọ̀, tírélà ń mi ilẹ̀ tìtì bọ̀. Ó mọ gbogbo wọn. Àfi kẹ̀kẹ́ akérò oníbátìrì tó dé láìpẹ́ yìí: kì í kùn, kì í han. Nǹkan kan wà lára rẹ̀ tó yẹ kó máa dún bó bá ń rìn, kí èèyàn lè yà fún un. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ ti já a. Wọ́n ní èrò ń ráhùn, pé ó ń ké bí ewúrẹ́ tó ń rọbí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlù ú. Ọmọ́wùnmí, ọmọ rẹ̀, pè láti Èkó, ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, òun ń bọ̀ wá kó màmá òun lọ nìyẹn. Kó lọ máa jókòó sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láti àárọ̀ dalẹ́, láìní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ìyá sunkún lọ́jọ́ náà. Àánú ṣe àwọn awakọ̀, wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan pé ẹni tó bá ti rí i lójú títì gbọ́dọ̀ kí i. Látìgbà náà, ìkíni ló ń ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá kí i, á dúró. Bí kò bá sẹ́ni tó kí i, títì ṣófo nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó kí i.

Ó tẹ́tí. Ẹnì kan ń gbálẹ̀ níwájú ilé, títì dákẹ́ rọ́rọ́. Ó na ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ síwájú. Ó sọ̀kalẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan. Èkejì. Ẹ̀kẹta.

Atẹ́gùn gbá a lójúgun. Nǹkan já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pá sì kán. Etí aṣọ ìró rẹ̀ fẹ́ lọ, ó tún padà wá gbá a lẹ́sẹ̀. Táyà ń ha ọ̀dà lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì dúró.

Ó dúró gbagidi láàárín títì. Ẹ̀rù ń bà á, inú sì ń bí i ju ẹ̀rù lọ. Ta ló yan òun lódì? Kí ni òun fi ṣe é?

Ẹsẹ̀ ń sáré bọ̀. Kò wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbálẹ̀ ló yà sí. Omi ń dà. Omi ń dún lẹ́nu, pọ̀kọ̀pọ̀kọ̀, ó tu ú sí gọ́tà, ó tún bù. Ẹ bá mi gbọ́ o: ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá oníyàá ń fọnu!

Lẹ́yìn náà ló wá dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà. Gbádébọ̀ ni, ó mọ ohùn rẹ̀. Kò sí awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n kí bí i rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò.

"Ẹ má bínú, Mà. Orín ló wà lẹ́nu mi. Mi ò tíì fọnu, mi ò lè fi ẹnu àìfọ̀ kí yín."

Ó ní òun rò pé òun á ti kọjá kí ìyá tó sọ̀kalẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ òun máa fi dé họ́ọ̀nù, ọ̀pá ti kán.

Àṣé kò yan òun lódì rárá. Ẹ̀kọ́ ilé ló pa á lẹ́nu mọ́, ọ̀wọ̀ òun náà ló fẹ́ gbé òun lọ sí sàréè. Ìbínú ìyá rọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ kò lọ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí kò lè sọ̀rọ̀, ńkọ́? Àlejò tí kò mọ òun rí ńkọ́?

Gbádébọ̀ fẹ́ fà á lọ́wọ́ dé ìsọ̀. Ìyá kọ̀. Bí wọ́n bá rí i tí wọ́n fà á lọ́wọ́, Ọmọ́wùnmí á ti gbọ́ l'Ékòó kó tó di ọ̀sán.

"Gbádébọ̀, ẹnu àìfọ̀ náà ni kó o máa fi kí mi."

Ìdajì títì ló kù, kò sì sí ọ̀pá mọ́. Ó ní kó lọ dúró lódìkejì, kó máa kí òun bọ̀. Gbádébọ̀ lọ. Ẹ kú ìrìn o, Mà. Ó gbé ẹsẹ̀. Ẹ kú ìrìn o, Mà. Ó tún gbé e. Ohùn ọmọkùnrin náà ń gbọ̀n, ó ń ga sí i, ó ń yá sí i, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìrìn, débi pé ìyá ò mọ̀ mọ́ bóyá ó kàn ń kí òun ni, tàbí kẹ̀kẹ́ mìíràn ló tún ń bọ̀.